Ẹnì Kan Ni Wọ́n

Ẹ má pa àtùpà kejì yẹn. Ẹ jẹ́ kí ó máa jó. Mo mọ̀ pé ó ya ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí lẹ́nu, nítorí èmi Ọdẹ́rìndé ni mo máa ń pa àtùpà lójú àlejò, tí mo máa ń ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ ríran sún mọ́ èyí tí ó kù. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi kò tíì hù ni mo ti ń ṣe ọdẹ. N kò yin ìbọn lẹ́ẹ̀mejì sí ẹran kan rí. Bí mo bá pa ẹtu, mo ń jẹ ẹran rẹ̀, mo ń fi awọ rẹ̀ ṣe àpò, mo ń fi iṣan rẹ̀ rán bàtà, egungun rẹ̀ a sì di ti ajá mi. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn èmi, èèrà kò lè fi ṣe oúnjẹ àárọ̀. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí ó ń bá yín sọ̀rọ̀, kì í ṣe kí ẹ lè pàtẹ́wọ́. Láti ìgbà tí mo ti dé láti Òkè Òjò-Dídì ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni ẹ ti ń pàtẹ́wọ́ fún mi, pé mo pọn ìyá arúgbó sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè nínú ìjì. Olúọdẹ wa, Ògúnníran, ti ń wá oyè tí wọn yóò fi mí jẹ. Ó dára. Kí wọ́n tó gbé oyè náà dé, ẹ gbọ́ bí ìyá náà ṣe di ẹni tí à ń pọ̀n. Àwọn fúnra wọn nìyí tí wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, tí wọ́n na ẹsẹ̀ sórí àpótí. Bí mo bá purọ́, ẹnu wọn kò jìnnà. Ẹ ò gbọ́ wọn? Wọ́n ní kí n máa sọ ọ́ lọ, kí n má sì fi ara mi ṣe akọni jù.

Iṣẹ́ tí Olúọdẹ rán mi kò le láti sọ. Wọ́n gbọ́ pé àgbọ̀nrín funfun kan ń gbé orí òkè kan lókèèrè, tí ó máa ń bọ́ ìwo rẹ̀ sílẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń bọ́ fìlà, wọ́n sì fẹ́ kí ìwo náà wà ní ilé ìpàdé àwa ọdẹ. N kò ní sọ bí mo ṣe la igbó kọjá títí mo fi dé ẹsẹ̀ òkè náà. Mo jẹ, mo sùn, mo rìn. Ẹ̀yin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ibi tí èémí mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu mi bí èéfín, tí mo rò pé inú mi ń jóná. Òjò ibẹ̀ kì í rọ̀ kí ó ṣàn lọ bí òjò tiwa. Ó ń rọra bọ̀ wálẹ̀ bí ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n ń tu, láìpariwo, bí ó bá sì ti balẹ̀, ó balẹ̀ nìyẹn, kò tún lọ mọ́. Òkè, igi, òkúta, ó bo gbogbo wọn, ayé wá funfun débi tí ojú fi ń ta mí. Kí n má tàn yín, inú mi dùn sí i. Mo ní, òjò kan rèé tí kì í fi ara rẹ̀ ṣòfò.

Ibẹ̀ ni mo ti bá Ìyá Àwẹ̀ró. Ìlú wa yìí ni bàbá wọn ti ṣí lọ tẹ̀dó síbẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tí ó ń mú àlejò gun òkè náà àfi àwọn. Obìnrin ńlá ni wọ́n, ẹ̀yin náà ń wò wọ́n. Irun wọn funfun, ọ̀rọ̀ wọn sì ń sáré. Bí mo ṣe rí wọn ni mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú òjò dídì, àyà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀.

"Dìde," ni wọ́n wí, "kí o tó di òkúta mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. A kì í dọ̀bálẹ̀ níbí. Ẹni tí a bá rí nílẹ̀, òkú ni a máa ń pè é."

Mo ní, "Ẹ̀kọ́ ilé ni, Ìyá."

"Nílé ni kí o fi í sí."

Wọ́n kó oríṣi bàtà méjì síwájú mi. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ igi tí a tẹ̀ ní róbótó, ó fẹ̀ bí àtẹ, wọ́n sì fi okùn awọ hun àárín rẹ̀ bí àwọ̀n, kí ẹsẹ̀ má baà rì. Èkejì jẹ́ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí ó gùn jù mí lọ, tí imú wọn ká sókè bí imú ọkọ̀ ojú omi. Èyí ni wọ́n fi ń yọ̀ lórí òjò dídì, pẹ̀lú ọ̀pá kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún àti òsì. Mo bi wọ́n pé ṣé àtẹ ni wọ́n fẹ́ kí n wọ̀. Wọ́n ní, "Àtẹ ni. Pàtẹ ara rẹ sí i kí á wo ẹni tí yóò dúró ná ọ." Mo wọ̀ ọ́, mo fi ẹsẹ̀ kan tẹ èkejì mọ́lẹ̀, mo ṣubú. Mo dìde, mo tún ṣubú. Èmi tí ìkookò kò gbọ́ ẹsẹ̀ mi rí! "Ọdẹ," ni wọ́n wí, "ẹran wo lo rí nísàlẹ̀ yẹn tí o fi ń kí i tó báyìí?" Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó kúrò ní àárín ọ̀run, mo ti ń rìn. Nígbà tí ó ṣe, mo ti ń yọ̀ lórí pákó, èmi àti afẹ́fẹ́ ń bá ara wa jà fún ọ̀nà. Ohun tí ara mi bá kọ̀ láti kọ́, mo máa ń fi agbára mú un kọ́ ọ ni.

Ohun kan ṣoṣo ni n kò fẹ́ràn lára ìyá yìí. Ohun gbogbo tí wọ́n dì sínú ẹrù wa ni wọ́n dì ní méjì-méjì. Ọ̀bẹ méjì. Ìbora méjì. Àtùpà méjì, tí ó jẹ́ pé ọ̀kan tó láti tàn fún agbo ilé kan. Mo ní, "Ìyá, kí la fẹ́ fi àtùpà méjì ṣe?" Wọ́n ní, "Ọ̀kan tèmi, ọ̀kan tìrẹ." Mo ní, "A kò ní pínyà." Wọ́n wò mí, wọ́n sì di okùn ẹrù náà le.

Ní ẹnubodè òkè náà ni Elétè-Yìnyín jókòó sí. Ẹ̀dá náà ga ju ọ̀pẹ lọ, ètè rẹ̀ sì jẹ́ yìnyín gidi. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ẹ kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà ń dì bí ó ti ń jáde, ó ń bọ́ sílẹ̀ bí òkúta wẹ́wẹ́, ẹ ó ṣà á, ẹ ó dì í mú lọ́wọ́ títí yóò fi yọ́, ìgbà yẹn ni yóò tó dún. Mo ṣa èyí tí ó kọ́kọ́ bọ́. Ó jó mi lọ́wọ́ bí iná. Nígbà tí ó yọ́, ó ní, "Ẹ fún mi ní ohun tí ẹ gbé, tí ẹ kò nílò títí ẹ ó fi nílò rẹ̀."

Ìyá Àwẹ̀ró ti ń tú kókó aṣọ wọn. Iyọ̀ ni wọ́n mú jáde, ẹ̀kúnwọ́ kan. "Iyọ̀ ni mo máa ń fún un," ni wọ́n wí. "Ó máa ń fi ra ètè, kí ó lè rẹ́rìn-ín díẹ̀." Mo di ọwọ́ wọn mú. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo di ọwọ́ àgbà mú nítorí iyọ̀! Mo ní, "Iyọ̀ kẹ̀? Iyọ̀ tí a ó fi se ọbẹ̀? Ìyá, ẹ ò gbọ́ àlọ́ tí ó pa ni? Ohun tí a gbé tí a kò nílò, àtùpà kejì ni." Kí wọ́n tó ya ẹnu, mo ti tú u kúrò lára ẹrù, mo ti gbé e fún un. Inú mi dùn pé mo já àlọ́ náà, ẹrù sì tún fúyẹ́. Elétè-Yìnyín yẹ àtùpà náà wò, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan sí i. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ṣùgbọ́n ó ti yà sápá kan fún wa, n kò sì rí ìdí tí n ó fi dúró fi ọwọ́ gbígbóná ṣòfò lórí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ti ṣí ọ̀nà. Mo jù ú sínú àpò mi. A kọjá.

Àwọn ìyá kò bá mi jà. Wọ́n kàn ní, "Láti òní, ọdẹ, má ṣe rìn jìnnà sí mi."

Lẹ́yìn ẹnubodè, a kan Ilé Ẹ̀yínná, ilé kan ṣoṣo tí ó wà lórí òkè náà. Àwọn tí ń gbé ibẹ̀ kúrú, ara wọn rí bí eérú, wọ́n sì máa ń jókòó yí iná kan tí kì í kú ká. A wọlé, a yáná. Ọ̀kan nínú wọn tí ń jẹ́ Gbúùrù bu omi gbígbóná fún mi. Mo ní, "Ẹ ṣé o." Ó bojú wẹ̀yìn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Èmi àti ta ni?" Ìyá Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé ọjọ́ kan náà ni gbogbo ará ilé yẹn jáde láti inú eérú. Kò sí ẹ̀gbọ́n láàárín wọn, kò sí àbúrò. Ọwọ́ bàbá Ìyá Àwẹ̀ró ni àwọn ará ilé náà ti kọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí wọn yóò fi "ẹ" kí, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn nìkan ni "ẹ" àti "wọ́n" jẹ́ létí wọn. Ìyá tún sọ òfin ilé náà fún mi. Bí ìjì bá ń jà, tí ẹnì kan bá ṣẹ́kù síta, ẹnì kan nínú wọn á jáde lọ gbé e. Ṣùgbọ́n bí àwọn tí ó wà níta bá ju ẹnì kan lọ, kò sí ẹni tí yóò jáde. Àwọn yẹn lè gbé ara wọn. Mo gbọ́. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni pa á mọ́ fún mi. Mo gbọ́ ọ, mo mu nínú omi mi, mo sì da àṣẹ́kù rẹ̀ padà sínú ìkòkò.

Òkè tí ó wà lókè ilé náà kì í ṣe òkè. Oníbora ni, òmìrán tí ó ti sùn láti ayébáyé, tí òjò dídì jẹ́ ìbora rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni a gùn. A wọ bàtà àwọ̀n, a ń rìn ní jẹ́jẹ́, mo sì ń gbọ́ èémí rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Lórí èjìká rẹ̀ ni a ti rí àgbọ̀nrín náà. Ó dúró, ó ń wò wá bí onílé tí ó rí àlejò tí kò pè.

"Kí lo wá gbé?" ni ó bi mí.

Òtútù ti pa ètè mi. Mo fẹ́ sọ pé ìwo rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ohun tí ó jáde lẹ́nu mi ni, "Ìwọ ni."

Ó fò sẹ́yìn, ó sọ orí kalẹ̀ láti kàn mí. "Èmi?"

"Ìwo! Ìwo orí rẹ ni mo wí, kì í ṣe ìwọ!"

Ó dúró, ó mí kanlẹ̀. "Ọdẹ, ṣọ́ bí o ṣe ń pe ọ̀rọ̀ lórí òkè yìí, kí ẹnì kan má baà kú sí ọ lẹ́nu." Ó mi orí, ìwo náà bọ́ sílẹ̀. Ó gùn tó apá mi, ó sì funfun nini. Mo dì í mọ́ ẹ̀yìn mi. Ìbọn mi kò dún, ọta mi pé. Ẹ gbà mí gbọ́, n kò tíì ṣe ọdẹ tí kò ní àdánù nínú bí irú èyí rí.

A fi pákó wa sẹ́sẹ̀, a kọrí sí ìsàlẹ̀. Ọ̀run ti ṣú, ìjì ti ń bọ̀. Àwọn ìyá wà níwájú, mo wà lẹ́yìn, à ń yọ̀ bọ̀ bí ẹja nínú odò. Ibẹ̀ ni Oníbora ti yí padà lójú oorun. Ẹ̀bi èyí kò sí lọ́rùn mi, n kò sì ní kó èyí tí kì í ṣe tèmi mọ́ tèmi. Èyí tí ó jẹ́ tèmi tó mi í rù. Ó yí padà, ìbora rẹ̀ sì ya wálẹ̀. Òjò dídì tí ó tó ìlú yìí ń dún bọ̀ lẹ́yìn wa. Ìyá Àwẹ̀ró yíjú, wọ́n rí i pé ó fẹ́ gbé mi, wọ́n sì na ọ̀pá wọn, wọ́n fi tì mí kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Mo ṣubú sábẹ́ àpáta. Etí òjò dídì náà gbá Ìyá Àwẹ̀ró, ó gbé wọn sókè, ó sọ wọ́n mọ́ ìdí igi kan tí àrá ti là sí méjì.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, okùn pákó wọn ti já, orúnkún wọn ti yí. Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n pọ̀n yín."

"Pẹ̀lú ẹrù yẹn lẹ́yìn rẹ?" ni wọ́n wí. "Jù ú sílẹ̀."

Mo wo ẹrù náà. Ìwo wà nínú rẹ̀. Ìkòkò mi wà níbẹ̀, àti ẹran gbígbẹ tí a kò tíì jẹ. Mo ní, "Ìyá, n kò lè ju ohun tí mo torí rẹ̀ wá nù. N ó yára lọ pe àwọn ará Ilé Ẹ̀yínná. Ẹsẹ̀ mi yá."

Wọ́n wò mí. Wọn kò wò mí pẹ́. "Ó dára. Àtùpà kan ni ó kù. Ìwọ ni o ń rìn, mú un. Bí o bá débẹ̀, báyìí ni kí o wí: Àwẹ̀ró nìkan ni ó kù, ó wà nídìí igi tí àrá là. Bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn ni kí o sọ ọ́."

"Mo gbọ́, Ìyá."

"Tún un sọ kí n gbọ́."

Èmi Ọdẹ́rìndé, kí n dúró níwájú ẹni tí ó tó bí mi, kí n pe orúkọ wọn ní gbangba, kí n ní "ó wà"? Ẹnu mi kò gbà á. Mo ní, "Mo ti gbọ́, Ìyá," mo sì yọ̀ lọ.

N kò lè sọ bí mo ṣe sáré tó. Ìjì náà ń gbá mi lójú bí ìyàwó tí inú ń bí. Mo fo kòtò kan tí n kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi lókè rẹ̀. Nígbà tí mo dé Ilé Ẹ̀yínná, mo já wọlé, mo ṣubú síwájú iná. Gbúùrù bi mí pé, "Ta ni ó kù síta?"

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní, "Àwọn ìyá mi ni. Wọ́n wà nídìí igi tí àrá là."

"Àwọn ìyá rẹ," ni ó wí. "Wọ́n wà níbẹ̀." Ó mi orí. Ó bu ọbẹ̀ gbígbóná fún mi. Ẹni méjì dìde pẹ̀lú àáké, wọ́n jáde, ọkàn mi sì balẹ̀ pé wọ́n ti lọ gbé wọn. Mo lá àwo ọbẹ̀ náà mọ́. Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri, mo sùn. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo sùn! Oorun náà dùn. N kò tíì sun irú rẹ̀ láti ìgbà yẹn.

Ohùn kan jí mi láti inú àpò mi. Ọ̀rọ̀ Elétè-Yìnyín tí mo jù síbẹ̀, ooru iná ti yọ́ ọ. Ó dún ketekete lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà mi, ó ní, "Mélòó ni yín?"

Mo dìde jókòó. Mo wo yíká iná. Àwọn méjì tí wọ́n jáde ti padà, igi ìdáná ni wọ́n kó bọ̀. Gbogbo ará ilé wà níjòókòó. Ìyá Àwẹ̀ró kò sí láàárín wọn.

Mo ní, "Gbúùrù! Ẹ ò tíì lọ gbé wọn?"

"Àwọn wo?"

"Ìyá mi! Wọ́n wà nínú ìjì!"

"O ti sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wà níbẹ̀. Wọn yóò gbé ara wọn."

"Wọn kò lè gbé ara wọn! Ẹnì kan ni wọ́n!"

Gbúùrù wo àwọn ará ilé rẹ̀, wọ́n sì wò ó padà. "Ẹnì kan ni wọ́n," ni ó wí. "Àlọ́ nìyẹn. Àwa kì í jáde sínú ìjì nítorí àlọ́. Bí wọ́n bá jẹ́ wọ́n, wọn kì í ṣe ẹnì kan. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan, kì í ṣe wọ́n. Èwo ni, ọdẹ? Ó ni, tàbí wọ́n ni?"

Ẹ rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹ lọ sílé kí ẹ pe ìyá tí ó bí yín bẹ́ẹ̀ wò. Mo ya ẹnu láti sọ ọ́. Gbogbo ẹgba tí ìyá mi fi nà mí nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni ó ń dùn mí lẹ́yìn. Ìjì ń gbá ilẹ̀kùn. Mo wá rí ojú Ìyá Àwẹ̀ró nígbà tí wọ́n ní kí n tún un sọ kí àwọn gbọ́. Wọ́n ti mọ̀. Wọ́n mọ irú ọmọ tí mo jẹ́, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí n tó lọ, èmi sì ṣe ọmọlúàbí fún wọn.

Mo figbe ta. Mo ní, "Ó ni! Àwẹ̀ró ni! Òun nìkan ṣoṣo ni! Ó wà níta, ó ń kú lọ!"

Gbúùrù ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn kí n tó parí rẹ̀.

A jáde, òun níwájú, èmi lẹ́yìn pẹ̀lú àtùpà kan, ẹrù mi ṣì wà lẹ́yìn mi. Afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ pa kí a tó rìn jìnnà. Mo ṣáná, ó kú. Mo tún ṣá a, ó kú. Ká ní a fi àtùpà kejì sílẹ̀ sọ́wọ́ wọn, wọn ì bá gbé e kọ́ ara igi náà, à bá sì rí i láti ẹnu ọ̀nà. Nísinsìnyí, igi, òkúta, ènìyàn, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ohun kan náà lójú wa, funfun lórí funfun. Ohun tí ó gba wá là ni pé Gbúùrù dúró, ó ní, "Ẹnì kan ń bú ọ."

Mo tẹ́tí. Lóòótọ́ ni. Ohùn kan ń bọ̀ láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀, kò ga, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró. "Ọdẹ́rìndé, ahun! Ọdẹ́rìndé, ọ̀kánjúwà! Olójú iyọ̀! Wá gbé àtùpà rẹ wá kí o wá wò mí!" Wọ́n ti ń bú mi láti ìgbà tí mo ti lọ, wọ́n ní èébú náà ni wọ́n fi ń yáná. N kò gbọ́ ìwúre tí ó dùn tó o rí. Mo wólẹ̀, mo fa ìwo àgbọ̀nrín náà yọ láti ẹ̀yìn mi, mo fi ń gbẹ́ òjò dídì tí ó ti bò wọ́n dé ọrùn. Mo gbẹ́ títí ìwo náà fi ṣẹ́ sí méjì. Mo fi àbọ̀ rẹ̀ gbẹ́. Nígbà tí mo fà wọ́n jáde, mo tú ẹrù mi dà nù, ìkòkò, ẹran, gbogbo rẹ̀, mo pọ̀n wọ́n, mo sì dìde.

Mo dìde pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ohun tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nìyẹn. Ẹ̀yin ń pàtẹ́wọ́ pé mo pọn obìnrin ńlá. Ẹrù náà ni ó wúwo, kì í ṣe àwọn. Ǹ bá ti lè pọ̀n wọ́n láti ìdí igi yẹn ní ìgbà àkọ́kọ́.

Òtútù ti jẹ gbogbo ìka ẹsẹ̀ òsì wọn. Ẹni tí kò ní ìka ẹsẹ̀ kò lè tẹ pákó, kò sì lè gun ẹ̀yìn Oníbora. Iṣẹ́ tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn ṣe ti parí ní ọjọ́ yẹn. Ìdí tí wọ́n fi ń gbé ilé mi nìyí, kì í ṣe nítorí pé mo láàánú. Àbọ̀ ìwo náà ni ẹ gbé kọ́ ilé ìpàdé, tí ẹ ń ní kí àlejò wá wò. Bí ẹ bá wo ẹnu rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí ibi tí ó ti fá sí òkúta.

Mo bi wọ́n lọ́nà, lórí ẹ̀yìn mi, pé ṣé wọ́n gbọ́ bí mo ṣe fi orúkọ pè wọ́n lójú àwọn ará Ilé Ẹ̀yínná, mo sì ń bẹ̀bẹ̀. Gbúùrù ti sọ fún wọn. Wọ́n ní, "Ó pẹ́ kí o tó mọ̀ mí lórúkọ, ọdẹ." Wọn kò sọ pé àwọn darí jì mí. N kò sì bi wọ́n. Ẹ ò rí i pé wọ́n dákẹ́ báyìí? Ẹ jẹ́ kí wọ́n dákẹ́. Ẹ̀tọ́ wọn ni.

Ta ni ń kanlẹ̀kùn yẹn? Ṣí i, ìyàwó mi. Kí ni wọ́n wí? Olúọdẹ ń gbé oyè bọ̀? Wọ́n ti ń sọdá odò?

Mélòó ni wọ́n?

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ní mélòó ni wọ́n? Ṣé wọ́n mú ẹnikẹ́ni dání, tàbí àwọn nìkan ni? Ẹnì kan ṣoṣo, lórí afárá yẹn, nínú òkùnkùn yìí? Ẹ gbé àtùpà kejì yẹn fún mi. Ẹ fi èkíní sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Ìyá Àwẹ̀ró. Mò ń lọ pàdé wọn, n ó sì sọ fún wọn lójú ọ̀nà pé kí wọ́n gbé oyè náà padà.